Abẹ́ Ọkọ̀ Ni Tírélà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Nílùú Lewiston ní ìpínlẹ̀ Idaho, níbi tí odò Clearwater ti ń wọnú odò Snake, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ odò alumíníọ̀mù kì í lè pa ẹnu mọ́. Yóò sọ agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún yín, yóò sọ bí abẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó, yóò ní omi tí kò dé orúnkún ọmọdé ló lè sá lé lórí láìfarakan òkúta. Ẹ wá bi í pé irú tírélà wo ló fẹ́ máa fi gbé e, ẹ ó gbọ́: "Èyíkéyìí tó bá ṣáà ti lè gbé e ni." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ká mi lára. Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ náà ń lò lórí omi láàárín ọ̀sẹ̀? Orí tírélà ló ń sùn, orí rẹ̀ ló ń jí, orí rẹ̀ ló ti ń gba òjò àti yìnyín, orí rẹ̀ náà ló sì ti ń jẹ gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà. Mo ti rí abẹ́ ọkọ̀ tí òkúta odò ò ṣe ní nǹkan kan, àmọ́ tí tírélà tí kò bá a mu ti tẹ̀ wọnú.

Kí n tètè là á yé ẹni tó ń ka èyí nílé: kì í ṣe tírélà tó ń kó kọ̀ǹténà jáde ní Àpápá ni mò ń wí o. Tiwa kéré. Férémù irin ni, táyà méjì ló ní, ìdí píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń so ó mọ́. Wọ́n á fi ẹ̀yìn tì í wọnú omi, ọkọ̀ á léfòó kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á sì wọ́ ọ jáde. Ajórin ni mí. Agodi Gate n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lórí géètì àti irin ojú fèrèsé, kí ìrìn àjò tó gbé mi dé ìlú tí ọkọ̀ odò ti pọ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́nu ilé àwọn èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìdí tírélà, mi ò fẹ́ padà sídìí géètì mọ́. Géètì ń dúró lójú kan. Tírélà ní láti ru ẹrù, kó sáré, kó wọ omi, kó jáde, kó tún sáré padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó mú kí tírélà ọkọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà yàtọ̀ láti abẹ́. Kò ní abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nídìí. Ihò kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ lápá ẹ̀yìn tó ń fa omi sínú. Ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì tó wà nínú yóò fipá ti omi yẹn jáde gba ẹnu tóóró kan lẹ́yìn, ìyẹn ló ń ta ọkọ̀ síwájú. Asẹ́ irin ni wọ́n fi bo ẹnu ihò náà kí òkúta má baà bá omi wọlé. Bill Hamilton, àgbẹ̀ tó ń sin àgùntàn ní Irishman Creek ní ilẹ̀ New Zealand, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tó ṣeé fọkàn tán lẹ́yìn ọdún 1950, nítorí pé àwọn odò àdúgbò rẹ̀ kò jìn, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì kún inú wọn. Abẹ̀bẹ̀ kankan kì bá ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó di 1960, irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi dojú kọ ìṣàn odò Colorado, tí wọ́n fi gun Grand Canyon láti ìsàlẹ̀ dé òkè, Jon ọmọ Hamilton sì wà lára àwọn tó wà á. Lọ́dọ̀ tiwa, Hells Canyon ni wọ́n ń bá lọ, ọ̀gbun odò tó jìn jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ alumíníọ̀mù fi pọ̀ ní Lewiston àti ní Clarkston tó kọjú sí i lódìkejì odò.

Kékeré inú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 16, tí èèyàn méjì sí mẹ́rin lè jókòó sí, tí wọ́n sábà máa ń yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára alùpùpù orí omi. Páànù abẹ́ rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 tàbí 6 lọ. Bí kò ti sí abẹ̀bẹ̀ tó yọ sísàlẹ̀, a lè jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ gan-an sáàárín táyà méjèèjì. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Àmọ́ asẹ́ yẹn àti egungun inú ọkọ̀ ló máa sọ ibi tí irin tàbí pákó lè kàn án, wọn kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, oníbàárà kì í sí níbẹ̀. A ó ti gbé ọkọ̀ sórí àwọn àpótí igi tó lágbára, mà á sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti òòlù tí mo dì mú lórí. Nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn páànù, àwọn ọ̀pá alumíníọ̀mù gbọọrọ wà tí wọ́n jó mọ́ ọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn ni egungun rẹ̀, orí wọn nìkan ni ọkọ̀ sì ti lè fara ti nǹkan fún ọdún gbọọrọ láìbàjẹ́. Ẹ ò lè fojú rí wọn láti ìta. Igi òòlù ni mo fi ń kan páànù díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì: gbọ́n-ọ́n, gbọ́n-ọ́n, gbọ́n-ọ́n, lójijì, kọ́. Ibi tó bá ti dún kọ́, mà á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kékeré. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀, àwọn ìlà yẹn á ti tò tẹ̀lé ara wọn, egungun á ti hàn síta.

Ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò lè pa á mọ́ra nígbà tó kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá, ẹ ń kàn án bí ẹni ń yan àgbọn lọ́jà. Ṣé àwọn tó ṣe é ò ní ìwé tí wọ́n yà á sí ni?"

"Wọ́n ní."

"Ẹ ò ṣe kúkú gbà á lọ́wọ́ wọn?"

"Mo ti gbà á. Òun ló wà lórí tábìlì yẹn. Lọ mú un wá, kí o fi téèpù wọn ìlà mi wò."

Ó wọ̀n ọ́n. Lápá òsì, ìwé àti ṣọ́ọ̀kì bára mu. Lápá ọ̀tún, egungun ti yẹ̀ ju ìbú àtàǹpàkò lọ sí ibi tí ìwé sọ. Ẹni tó jó o mọ́ ọn kò ṣe ohun tó burú, ọkọ̀ náà lágbára dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ lé ìwé, etí pákó ni egungun ì bá bọ́ sí. Ọmọ náà kò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Òun ló ń kàn án báyìí, etí rẹ̀ sì ti ń já ju tèmi lọ.

Pákó gbọọrọ méjì ni ọkọ̀ ń sùn lé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì wà, nítorí náà ẹ̀yìn ló wúwo jù. Bí pákó bá kúrú, tó ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan kó dé ìdí ọkọ̀, ìdí yẹn á máa dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí tírélà bá ti ń fò lójú ọ̀nà, páànù tó yẹ kó nà tọ́ọ́rọ́ á sì tẹ̀. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀ báyẹn á máa fi imú walẹ̀ lórí omi, bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn. Mo máa ń jẹ́ kí pákó yọ díẹ̀ kọjá ìdí ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé kò dára lójú.

Láàárín pákó méjèèjì, lápá ẹ̀yìn, mi ò gbà kí irin ìdábùú kankan kọjá lábẹ́ asẹ́. Bí tírélà bá já sí kòtò, asẹ́ lè kàn án. Ìyẹn nìkan tó ìdí. Ṣùgbọ́n ìdí kejì ni àwọn oníbàárà máa ń tìtorí rẹ̀ pè mí láti dúpẹ́: òkúta wẹ́wẹ́ máa ń há sáàárín irin asẹ́, ọkọ̀ á sì máa gbó láìlọ. Ẹni tí tírélà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ á kàn fa ọkọ̀ jáde, á dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, á na ọwọ́ sókè, á sì yọ òkúta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí irin dí tirẹ̀ á wọ inú omi tútù lọ bá a. Apá ara mi ni mo fi ń wọn àyè yẹn. Ó gbọ́dọ̀ gba apá dé ìgúnpá, kí ọwọ́ sì lè yí padà pẹ̀lú súkúdíréfà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n fi rólà rọ́pò pákó. Mi ò kórìíra rólà. Bí ó bá jẹ́ pé orí òkúta etídò lásán lẹ ti máa ń sọ ọkọ̀ sómi, níbi tí omi kò ti jìn tó kí tírélà wọ̀ ọ́, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi ní New Zealand, rólà ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe: ọkọ̀ á yí kúrò lórí rẹ̀ wọnú omi lọ. Ohun tí mo kọ̀ lára rẹ̀ ni pé ó ń kó ìwúwo ọkọ̀ jọ sórí ojú kékeré-kékeré. Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà tó lọ sí Pittsburg Landing, èbúté kan ní Hells Canyon, láti ìlú White Bird ni kò ní ọ̀dà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ọ̀nà náà ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, rólà kan náà ló ń lu ojú páànù kan náà. Fún páànù tín-ín-rín, pákó ni tèmi.

Ohun tí wọ́n fi ń bo pákó ló wá ń dá ìjà sílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló wọ́pọ̀ jù, ó sì rọ̀ lójú. Àmọ́ ó ń mu omi, kì í tètè gbẹ, iyanrìn á sì sá sínú rẹ̀, á máa ha páànù ní gbogbo ìgbà tí tírélà bá mì. Èyí tó burú jù ṣì wà nísàlẹ̀. Títí di òpin 2003, áséníìkì wà lára oògùn tí wọ́n ń fún pákó ilé mu ní Amẹ́ríkà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò, oògùn tó gba ipò rẹ̀ ní bàbà nínú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bàbà àti alumíníọ̀mù kì í jọ gbé nínú ọ̀rinrin kan náà; alumíníọ̀mù ló máa ń kú. Ẹ wá fojú inú wò ó: pákó olóògùn, kápẹ́ẹ̀tì tó tutù rin lórí rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ sì dúró sójú kan láti ìgbà òtútù dé ìgbà ìrúwé. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yẹn kúrò, ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ tó kún fún ìyẹ̀fun funfun, tí wọ́n tò tẹ̀lé pákó láti orí dé ìdí. Mo ti fi abẹ́rẹ́ wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ wò, abẹ́rẹ́ náà sì wọlé kọjá ìdajì páànù.

Pákó tí wọn ò fún ní oògùn ni mò ń lò, èyí tí igi rẹ̀ ki dáadáa, mà á fi ọ̀dà kùn ún yí ká, títí kan ojú ibi tí a ti gé e. Mà á wá fi ọ̀já pílásítíìkì funfun líle kan tẹ́ orí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgẹran nílé oúnjẹ. Kì í mu omi. Iyanrìn kì í dúró lórí rẹ̀. Ìdè tó mú un mọ́ pákó gbọ́dọ̀ rì wọnú pílásítíìkì dáadáa, kí orí rẹ̀ má baà yọ kan ọkọ̀ nígbà tí pílásítíìkì bá jẹ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń yọ̀, ó sì ń yọ̀ ju bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ṣe rò lọ. Bí ẹ bá tú ìkọ́ wíǹṣì, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń fi okùn fa imú ọkọ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọnkéré etí odò kí ìdí tírélà tó dé omi, orí kọnkéré lẹ ó ti bá ọkọ̀ yín. Mo máa ń kọ ìkìlọ̀ yẹn gàdàgbà sára òpó wíǹṣì. Síbẹ̀, yíyọ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi agbára ẹ́ńjìnnì gun tírélà nígbà tí wọ́n bá ń darí bọ̀ láti odò, ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì sì kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí omi ò ti jìn. Òkúta ló máa fà mu, omi tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ á sì gbẹ́ kòtò sí ìparí kọnkéré, níbi tí táyà ẹlòmíì máa bọ́ sí lọ́la. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi wíǹṣì fà á. Lórí pílásítíìkì tó tutù, ọwọ́ kan ti tó o.

Abẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gé díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí àárín bíi lẹ́tà V tó fẹjú. Irin ìdábùú tó nà tọ́ọ́rọ́ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò, wọ́n á wá fi irin pélébé gbé pákó sókè lórí rẹ̀ kí àárín ọkọ̀ má baà kan irin. Ó rọrùn, ó yá, ó sì gbé ọkọ̀ ga láìnídìí. Èmi máa ń tẹ irin ìdábùú kó bá V náà lọ. Páálí ni mo fi ń mú ìwọ̀n rẹ̀. Mà á gé páálí bí ojú mi bá ṣe rí i, mà á gbé e dúró sábẹ́ ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi á sì tan tọ́ọ̀ṣì láti òdìkejì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ láàárín páálí àti páànù, ibẹ̀ ò tíì bára mu. Mà á fi sísọ́ọ̀sì ré apá tó ga díẹ̀, a ó tún gbé e padà. À ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi tán. V tó wà nítòsí imú mú ju ti ìdí lọ, nítorí náà irin kọ̀ọ̀kan ló ní páálí tirẹ̀, mo sì máa ń kó wọn pa mọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, mà á fi ayùn irin la irin náà dé ìdajì, mà á tẹ̀ ẹ́ lé páálí, mà á sì jó ojú rẹ̀ padà. N'Ìbàdàn, bí a ti ṣe ń tẹ irin orí géètì tó ní àrà nìyẹn, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ irin. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì wà láyé.

Ọkọ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ báyẹn tètè ń léfòó níbi tí omi kò pọ̀, kì í sì í mì jàgbàjàgbà bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú lórí òkè.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, àwọn tó ń ra ọkọ̀ alumíníọ̀mù sábà máa ń fẹ́ tírélà alumíníọ̀mù, kí méjèèjì lè jọra. Fún ẹni tó ń wọ òkun, mi ò ní bá a jiyàn. Iyọ̀ kì í ṣe é bó ṣe ń ṣe irin. Àmọ́ odò tí kò níyọ̀ ni tiwa, ojú ọ̀nà olókùúta ló sì wà níwájú wa. Irin lè fara da ìmìtìtì tí kò ju agbára rẹ̀ lọ láìmọye ìgbà. Alumíníọ̀mù ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ra, bó ti wù kó kéré tó, títí ọjọ́ tó máa sán. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o ló sì máa ń rẹ̀ jù, nítorí iná ti gba líle rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fi nọ́ọ̀tì so tírélà alumíníọ̀mù pọ̀ dípò kí wọ́n jó o.

Irin ni mò ń lò, mà á wá ní kí wọ́n rì í sínú síǹkì yíyọ́, èyí tó máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 450 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ọ̀dà lásán kò tó. Inú ọ̀pá ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò sì lè débẹ̀. Síǹkì ń dé ibi gbogbo bí ẹ bá ṣí ọ̀nà fún un. Kí irin tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ọ̀pá tó ní ihò nínú ni mò ń lu lójú méjèèjì, nítorí pé atẹ́gùn tàbí omi tó bá há sínú ọ̀pá tó dí lè bú gbàmù nínú síǹkì gbígbóná, kó sì pa àwọn tó dúró tì í. Gbogbo jíjó pátá sì gbọ́dọ̀ ti parí. Ẹni tó bá jó irin lẹ́yìn tó ti mu síǹkì ba ìbora náà jẹ́, ó sì fa èéfín tí yóò mú kí òtútù máa gbọ̀n ọ́n lálẹ́. Nílé, mílíìkì alágolo ni àwọn ọ̀gá wa máa ń fún wa mu sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ sì fi mílíìkì mu tíì.

Ásù kan, ìyẹn ọ̀pá ìdábùú tó gba táyà méjì mú, tó fún ọkọ̀ kékeré. Ásù méjì ti ṣekárími ni: ó wúwo sí i, ó ń fi táyà ha ilẹ̀ níbi tí ẹ bá ti fẹ́ yí, ẹ ò sì ní lè fi ọwọ́ ti tírélà yín wọ gáréèjì mọ́. Sípíríìnì onípele ni mo ń fi sí i, kì í ṣe ásù tó ní rọ́bà nínú. Mo mọ̀ pé onírọ́bà ń rìn jẹ́jẹ́ jù, mo sì mọ̀ pé ó dára lójú. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá kú, gbogbo ásù lẹ ó pààrọ̀. Bí ewé sípíríìnì kan bá kán lọ́nà White Bird, ẹni tó ní jáàkì àti sípánà á pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Sípíríìnì tún fún mi láyè kan tí mo nífẹ̀ẹ́ sí: ìdè tó mú ásù mọ́ ọn ṣeé tú, mo sì lè sún ásù síwájú tàbí sẹ́yìn lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti parí.

Sísún yẹn kì í ṣe eré. Bí iwájú tírélà bá fúyẹ́ jù, ìdí rẹ̀ á máa ju ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù bí eré bá ti le, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdé ikú. Bí ó bá wúwo jù, yóò tẹ ìdí ọkọ̀ tó ń fà á mọ́lẹ̀, sítíárìn á sì di fífúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ìdá mẹ́wàá gbogbo ìwúwo, tàbí kó lé díẹ̀, ni mò ń fẹ́ kó jókòó sórí bọ́ọ̀lù ìsopọ̀ tó wà nídìí píkọ́ọ̀pù. Ká ní ọkọ̀, tírélà, epo àti ẹrù jẹ́ kílò 900: bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ru 90. Bí ó bá sì jẹ́ mítà 4 láti bọ́ọ̀lù dé ásù, àárín ìwúwo gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 níwájú ásù. Nítorí pé ìdí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ló wúwo jù, ásù rẹ̀ máa ń lọ sẹ́yìn ju bí ojú ṣe rò lọ. Ẹni tó bá fi tírélà ọkọ̀ ìpẹja lásán gbé e, ásù á wà níwájú jù fún un.

Mi ò fi ìṣirò nìkan ṣe é. A ó gbé ọkọ̀ sórí tírélà, a ó rọ epo kún táńkì, nítorí lítà 75 epo bẹntiróòlù lé ní kílò 50, ibi tí táńkì bá sì wà ń yí ìṣirò padà. A ó kó bátìrì, ìdákọ̀ró àti àpótí ẹja sínú rẹ̀, a ó wá gbé imú tírélà lé orí sikéèlì tí wọ́n fi ń wọn ara nílé ìwẹ̀. Mo ti ra ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá fi kílò díẹ̀ fúyẹ́, a ó tú ìdè ásù, a ó fi òòlù rọ́bà lù ú sẹ́yìn díẹ̀, a ó tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó máa ń jó òpó wíǹṣì síbi tó máa wà? Rárá o, síǹkì ti wà lára irin nígbà yẹn. Nọ́ọ̀tì ni mo fi ń dè é, kó lè ṣeé sún kó pàdé imú ọkọ̀ gẹ́lẹ́.

Mo fẹ́ràn imú tírélà tó gùn. Ó máa ń gba àyè ní gáréèjì, ìyẹn ni ìyàwó oníbàárà sì máa ń bá mi jà sí. Ṣùgbọ́n tírélà tó gùn níwájú kì í tètè ṣẹ́ kọ́ọ̀nà bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn, táyà píkọ́ọ̀pù yín á sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí ìdí tírélà bá ti wà nínú omi. Níbi tí ilẹ̀ kò ti gẹ̀rẹ́ tó, ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó lọ pẹja àti ẹni tó ń wá ẹni tó máa fà á yọ. Fún ẹni tí gáréèjì rẹ̀ kúrú, a lè fi ìdè sí i kó ṣeé ká sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bíréèkì, bí wọ́n bá máa fi sí i, kí ó jẹ́ èyí tí ìtì tírélà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀: bí píkọ́ọ̀pù bá rọra, tírélà á ti imú ara rẹ̀, epo bíréèkì á sì sáré lọ síbi táyà. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀ tí omi máa bà jẹ́. Wáyà iná ẹ̀yìn, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀ ju pé kí wáyà funfun dé ìdí iná kọ̀ọ̀kan tààrà, kó má ṣe fi ara férémù ṣe ọ̀nà. Ibẹ̀ ni iná tírélà ti máa ń kọ́kọ́ kú.

Bíárìn ló kù. Bí tírélà bá ti sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, họ́ọ̀bù rẹ̀, àárín táyà níbi tí bíárìn wà, á ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti fẹ̀. Ẹ tì í bọ omi odò tó tutù lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn á súnkì, á sì fa omi wọlé gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó dí i. Gíríìsì tó mu omi á di funfun, bíárìn á sì jẹ. Mo ń fi ìdérí onísípíríìnì sí họ́ọ̀bù, èyí tó ń ti gíríìsì mọ́ inú, ṣùgbọ́n mo tún máa ń sọ fún oníbàárà pé kó fi àtẹ́lẹwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì bí ó bá ti dé etí odò. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró lórí rẹ̀, kí ó jẹ nǹkan ná, kí ó tú okùn ẹ̀yìn, kí ó dí ihò ìdí ọkọ̀. Bí èyí òsì bá gbóná tí ọ̀tún sì tutù, kí ó má lọ sódò lọ́jọ́ yẹn rárá.

Mo sì máa ń sọ fún gbogbo wọn pé lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé e padà wá, kí n lè tún nọ́ọ̀tì táyà àti ìdè ásù fún, nítorí irin tuntun máa ń jókòó, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ní, "A ti gbọ́." Wọn kì í wá. Nítorí náà mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìjórin tí mo kọ nọ́ńbà wọn sí, èmi ni mo sì máa ń pè wọ́n ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó gbàgbé pátápátá.